Sọ̀wédowó Láìsí Ìwé

Gbogbo ẹni tó bá kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló ti gbọ́ orúkọ Donald Knuth, kódà bí kò bá ka ìwé rẹ̀ rí. Àwa náà ò ní purọ́: a ra ìdìpọ̀ kìn-ín-ní The Art of Computer Programming, a kà á dé ibi tí agbára wa mọ, a sì gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù kí àlejò lè rí i. Bàbá náà, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì ní Yunifásítì Stanford, ní àṣà kan. Bí ẹ bá rí àṣìṣe tuntun nínú ìwé rẹ̀, á kọ sọ̀wédowó $2.56 ránṣẹ́ sí yín. Kí ló dé tó jẹ́ iye yẹn? Nítorí pé 256 sẹ́ǹtì ni dọ́là kan tí a bá ń kà á ní hexadecimal. Ẹ̀fẹ̀ àwa onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ẹ má bínú.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó gba sọ̀wédowó yìí ò gbé e lọ sí báńkì. Wọ́n á fi fírémù sí i, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò rẹ̀ sórí ayélujára kí ayé lè bá wọn yọ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti dàrú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, Knuth kéde pé òun ò kọ sọ̀wédowó gidi fún àwọn tó rí àṣìṣe mọ́, nítorí àwọn oníjìbìtì. Ìwé ẹ̀rí ló ń fún wọn báyìí, láti Báńkì San Serriffe. Ẹ má wá San Serriffe lórí máàpù o. Ìwé ìròyìn The Guardian ló hùmọ̀ orílẹ̀-èdè náà fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ní 1977.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá fẹ́ ja Knuth lólè ò nílò láti jí ìwé náà. Kò nílò láti fara wé ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Kò nílò láti dé báńkì. Fọ́tò nìkan ti tó, nítorí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Báwo ni ayé ṣe dé ibi tí ẹni tó wo fọ́tò lè rówó kó? Ìtàn la fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè yẹn, torí ó kàn wá. Iṣẹ́ wa ni láti máa kọ kóòdù tó ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àìmọ ìtàn yìí sì ti kó wa sí gbèsè rí. A ń bọ̀ wá débẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta

Àwọn tó sọ ọ́ ní sọ̀wédowó ní èdè wa mọ orúkọ sọ: ohun tó ń sọ ìwé di owó. Àmọ́ ìwé náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni owó. Lẹ́tà ni. Ẹni tó ni akáǹtì ń kọ̀wé sí báńkì rẹ̀ pé, ẹ bá mi fún lágbájá ní iye báyìí nínú owó mi tó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù lọ tí wọ́n ṣì wà títí dòní, London ni wọ́n ti kọ ọ́ ní oṣù kejì ọdún 1659. £400 ló wà lórí rẹ̀, fọwọ́ kọ ni látòkè délẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ló ń ṣọ́ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ìwé náà: ẹni tí kò bá ní in lọ́wọ́ ò lè gbowó. Ìkejì ni ìbuwọ́lùwé. Ẹ̀kẹta ni èèyàn, ìyẹn akọ̀wé báńkì tó mọ oníbàárà rẹ̀ lójú, tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, tó sì lè béèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí lóòótọ́?"

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tó kọ ìwé àti ẹni tó gbà á ò bá lo báńkì kan náà. Akọ̀wé báńkì kan á gbé àpò, á máa rìn káàkiri London láti báńkì dé báńkì láti lọ gbowó. Nígbà tó yá, ní nǹkan bí ọdún 1770, ẹsẹ̀ ń ro wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Five Bells ní àdúgbò Lombard Street. Wọ́n ń pààrọ̀ sọ̀wédowó níbẹ̀, ìyàtọ̀ tó bá ṣẹ́ kù nìkan ni wọ́n ń san. Ilé ọtí yẹn ni baba ńlá gbogbo ètò tí báńkì fi ń bá báńkì ṣírò owó lónìí. New York dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1853.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká dì mú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìwé lé ọ lọ́wọ́ títí di ìgbà tí báńkì ẹni tó kọ ọ́ máa sọ pé owó wà, ọjọ́ ń lọ láàárín. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ìwé lo ní, o ò tíì lówó. Tó o bá ti gbé ọjà fún un, ọjà ti lọ. Ẹ jẹ́ ká pe ọjọ́ àárín yẹn ní àlàfo. Inú rẹ̀ ni oníjìbìtì ń gbé. Bí a bá sọ ọ́ dáadáa, ìtàn sọ̀wédowó jẹ́ ìtàn bí àwọn èèyàn ṣe ń gbìyànjú láti dí àlàfo yẹn, àti bí ó ṣe ń là síbòmíì.

Nígbà tí nọ́ńbà di orúkọ

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, sọ̀wédowó pọ̀ ní Amẹ́ríkà bí eṣú. Ní Bank of America ní California, orúkọ oníbàárà ni wọ́n fi ń to akáǹtì, láti A dé Z. Ẹni tí orúkọ wọn bá jọra, ó di kí akọ̀wé máa fojú wá a. Báńkì náà lọ bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Stanford Research Institute. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe, ERMA lorúkọ rẹ̀. Wọ́n fi han aráyé ní 1955, èyí tí General Electric kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959.

Ohun méjì tí iṣẹ́ yẹn mú wá ló kàn wá. Èkíní, wọ́n ní kí orúkọ fi ipò sílẹ̀: kí olúkúlùkù akáǹtì ní nọ́ńbà. Ìkejì, wọ́n fi tàdáwà tó ní mágínẹ́ẹ̀tì tẹ nọ́ńbà yẹn sí ìsàlẹ̀ sọ̀wédowó, kí ẹ̀rọ lè kà á kódà bí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ lé e tàbí tí epo ta sí i. Ẹ ti rí lẹ́tà náà rí, ti díjíìtì rẹ̀ sanra níbì kan, tó tín-ín-rín níbòmíì. E-13B lorúkọ rẹ̀: díjíìtì 10 àti àmì 4, ó parí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà akáǹtì ni nọ́ńbà báńkì wà, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn báńkì Amẹ́ríkà ti ń lò láti ọdún 1910.

Ẹ̀rọ yára, àmọ́ kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Kò mọ ìbuwọ́lùwé yẹ̀ wò. Bí sọ̀wédowó ṣe ń pọ̀ sí i, èyí tó pọ̀ jù ń kọjá láìsí ojú èèyàn kankan tó wò ó. Ẹ̀ṣọ́ kẹta ti lọ sílé nìyẹn. Ìkejì ń tòògbé.

Okùn àti kànga

Ní 1968, àwọn báńkì California kó ìgbìmọ̀ jọ torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìwé máa tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìbéèrè wọn rọrùn: tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ni ẹ̀rọ ń kà, kí la tún ń gbé ìwé kiri fún? Ní 1972 wọ́n dá ètò tí à ń pè ní ACH sílẹ̀, níbi tí báńkì ti ń fi fáìlì ránṣẹ́ síra wọn dípò àpò ìwé. Ní 1974, NACHA, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin ètò náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, dé. Owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì, owó iná, wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Nàìjíríà, ẹ dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ló máa ń rú wa lójú. Bí ọ̀rẹ́ ẹ bá ní, "Fi aza ẹ ránṣẹ́," inú ẹ á dùn. Ó fẹ́ fún ẹ lówó ni. Nọ́ńbà akáǹtì tiwa, ẹnu ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé ni. Ẹni tó ni owó ló ń tì í jáde láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Lórí ACH, èèyàn lè ti owó, àmọ́ ó tún lè fà á. Oníṣòwò á gba nọ́ńbà báńkì ẹ àti nọ́ńbà akáǹtì ẹ, á gbé e fún báńkì tirẹ̀, báńkì yẹn á sì lọ fa owó jáde nínú akáǹtì ẹ. Ó dà bíi kó o ju okùn kànga ilé ẹ sí ojú títì. Ẹni tó o ju okùn sí á pọn omi tẹ́ ẹ jọ sọ. Ẹni tí o ò jù ú sí náà lè pọn, tó bá ṣáà ti rí okùn.

Ní 2001, NACHA gbé òfin jáde fún fífa owó báyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà á ṣí ojú ìwé oníṣòwò, á tẹ díjíìtì 9 ti báńkì àti nọ́ńbà akáǹtì, á fi àmì sínú àpótí kékeré pé òun gbà, ó tán. Ìyẹn ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní e-check. Sọ̀wédowó ni lóòótọ́, àmọ́ kò níwèé. Kò sí ìbuwọ́lùwé. Kò sí akọ̀wé tó mojú. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ, nọ́ńbà ló kù. Nọ́ńbà yẹn náà ló sì wà nísàlẹ̀ gbogbo sọ̀wédowó tí èèyàn ti kọ fún ẹlòmíì rí. Ohun tó lé Knuth lọ sí San Serriffe nìyẹn.

Ọdún yẹn kan náà, ìwé fúnra rẹ̀ rí àbùkù. Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fi ń kó ọ̀pọ̀ sọ̀wédowó káàkiri Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n ní kí gbogbo bàálù dúró sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, sọ̀wédowó bá jókòó sí pápákọ̀. Òfin tí wọ́n ń pè ní Check 21 jáde ní 2003, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2004. Ó ní àwòrán sọ̀wédowó tí wọ́n tún tẹ̀ lọ́nà tó yẹ dúró fún ojúlówó rẹ̀ níwájú òfin. Nígbà tó fi máa di 2009, USAA ti jẹ́ kí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa fi fóònù ya sọ̀wédowó fún báńkì. Ohun rere ni. Àmọ́ ìwé tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ lẹ́yìn tó o ti gbowó rẹ̀, kí ló ní kó o má tún yà á fún báńkì kejì? Wọ́n dí ihò kan, òmíràn là.

Aṣọ òkè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ẹ jẹ́ ká sọ tiwa wàyí. Àwa mẹ́ta la wà nídìí iṣẹ́ náà. Oníbàárà wa jẹ́ obìnrin ọmọ Yorùbá kan ní Maryland tó ń ta aṣọ òkè àti gèlè fáwọn tó ń ṣègbéyàwó lókè òkun. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti ń hun aṣọ náà. Àǹtí la máa ń pè é. Owó tí àwọn oníkáàdì ń yọ lórí ọjà aṣọ ẹbí ń dùn ún, torí ọjà ńlá ni. Ó ní ká fi e-check sí i. A ní kò sí wàhálà. A so ojú ìwé rẹ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn gba irú owó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin la fi parí ẹ̀.

Nínú kóòdù wa, bí oníbàárà bá tẹ nọ́ńbà rẹ̀, a ó fi ránṣẹ́, èsì á padà wá ní ìṣẹ́jú àáyá pé "accepted." A wá kọ ọ́ pé tí "accepted" bá ti dé, kí ó yọ lójú fóònù Àǹtí ní àwọ̀ ewé: Ó TI SANWÓ. Inú wa dùn sí àwọ̀ ewé yẹn gan-an.

Ẹnìkan ra aṣọ òkè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọ̀ ewé yọ. Àǹtí kó o, ó fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ẹni náà kọ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, owó náà tiẹ̀ wọ akáǹtì rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, owó náà jáde padà. Kóòdù tó tẹ̀ lé e ni R10. Ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tó ni akáǹtì sọ fún báńkì rẹ̀ pé òun ò fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni fa owó òun. Ẹnìkan ti rí nọ́ńbà rẹ̀ níbì kan, ó fi ra aṣọ.

Àǹtí pè wá. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti sanwó?"

Àwa la kọ ọ́. Owó àjọ ló fi san fáwọn tó hun aṣọ náà, oṣù tó ń bọ̀ ló sì yẹ kó dá a padà. A jókòó, a ka ìlànà tó yẹ ká ti kà kí a tó bẹ̀rẹ̀. "Accepted" túmọ̀ sí pé wọ́n ti gba lẹ́tà wa, ó parí síbẹ̀. Bí owó ò bá tó nínú akáǹtì, R01 ló ń padà wá. Bí wọ́n bá ti ti akáǹtì pa, R02. Bí kò bá sí irú akáǹtì bẹ́ẹ̀, R03. Báńkì ní ọjọ́ iṣẹ́ 2 láti dá àwọn yẹn padà. Àmọ́ tó bá jẹ́ akáǹtì ẹnìkọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó ni ín sì ní òun ò fọwọ́ sí i, ọjọ́ 60 ni wọ́n fún báńkì láti dá a padà. Ọjọ́ 60! Àwa fi àwọ̀ ewé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

A kọ́kọ́ bínú sí ọjọ́ 60 yẹn. Nígbà tó yá, a wá ronú kan ẹni tí wọ́n fa owó rẹ̀. Òun náà jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé owó òun ti lọ ra aṣọ tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1978 ni òfin Amẹ́ríkà ti ń dáàbò bo irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó lè ráyè wo ìwé àkọsílẹ̀ owó rẹ̀, kó sì ké gbàjarè. Àlàfo tó pa Àǹtí lára ló gba ẹni yẹn là. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kéré rẹ̀ kù tí ẹnìkan ò ní dúró nínú rẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé ta ló máa dúró síbẹ̀, ṣé ó sì mọ ibi tó dúró sí. Àǹtí ò mọ̀. Àwa la sì purọ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìwé náà ní àlàfo tirẹ̀, tó jọ èyí. Òfin kan tó jáde ní 1987 fipá mú àwọn báńkì Amẹ́ríkà láti jẹ́ kí oníbàárà ná owó sọ̀wédowó láàárín ọjọ́ díẹ̀, yálà ìwé náà ti parí ìrìn rẹ̀ tàbí kò tíì parí. Gbájúẹ̀ bá rí ọ̀nà. Á fi ayédèrú sọ̀wédowó ra ọjà lọ́wọ́ ẹ, á kọ iye tó ju iye ọjà lọ, á ní kó o fi ṣéńjì ránṣẹ́. O wo akáǹtì, owó hàn. O fi ṣéńjì ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìwé padà wá, gbèsè di tìẹ. A ò ní ṣojú fúrú: àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó ṣe é, àwa tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun

Kí la wá ṣe sí i? Ẹ̀ṣọ́ kìn-ín-ní ni ìṣirò. Ẹ mú díjíìtì 9 ti báńkì, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú 3, 7, 1, 3, 7, 1, 3, 7, 1, kí ẹ ro èsì pọ̀. Bí 10 bá pín in láìṣẹ́kù, nọ́ńbà náà mọ́gbọ́n dání. Ẹ wo 011000015, ti Federal Reserve Bank ní Boston: 7 + 1 + 7 + 5 = 20. Ó dúró. Ìlà kóòdù márùn-ún ni. Ó ń gbá àṣìtẹ̀ mú, àmọ́ olè tó da nọ́ńbà ojúlówó kọ á kọjá níwájú rẹ̀, á tún kí i.

Ẹ̀ṣọ́ kejì, PayPal ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Jìbìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ilé iṣẹ́ náà ní kékeré, ní nǹkan bí ọdún 2000. Max Levchin, onímọ̀ kọ̀ǹpútà bíi tiwa, àtàwọn èèyàn rẹ̀ kọ kóòdù tó ń ṣọ́ ìwà àjèjì nínú ìsanwó, wọ́n sọ ọ́ ní Igor. Fún akáǹtì báńkì, ọgbọ́n tí wọ́n lò rọrùn: wọ́n á fi owó kéékèèké méjì, tí kò tó dọ́là kan, ránṣẹ́ sínú akáǹtì náà. Ẹni tó bá lè sọ iye méjèèjì, ó lè rí inú akáǹtì náà nìyẹn. Ẹni tó kàn wo fọ́tò sọ̀wédowó ò lè mọ̀ ọ́n.

Ọgbọ́n yẹn náà rí ọ̀tá. Ní 2008, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ọkùnrin kan ní California lọ sílé ẹjọ́. Ó ti fi kóòdù ṣí akáǹtì tó tó 58,000 lórúkọ ìtàn àròsọ lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ìpín ìdókòwò, kó lè máa kó owó kéékèèké yẹn jọ. Sẹ́ǹtì lé sẹ́ǹtì, ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Àwa tá à ń kọ kóòdù, ẹ jẹ́ ká rántí pé ẹlẹgbẹ́ wa ló wà lódìkejì.

Ẹ̀ṣọ́ kẹta ni òfin. Láti 2015, NACHA ní bí ìfàwó tí wọ́n dá padà pé wọn ò fọwọ́ sí i bá kọjá 0.5% nínú gbogbo èyí tí oníṣòwò kan ṣe, wọ́n á pè é wá ṣàlàyé. Láti oṣù kẹta ọdún 2021, ó ti di dandan láti yẹ akáǹtì wò nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fa owó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ń sọ fún yín bóyá akáǹtì náà wà. Ẹni tó jókòó nídìí fóònù yẹn, kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀ṣọ́ kẹrin ò ní kóòdù púpọ̀: sùúrù. Ẹni tí a ò mọ̀ rí, tó ra ọjà ńlá lójijì, tí àdírẹ́sì tó fẹ́ kí ọjà lọ sì jìnnà sí ibi tó ní òun ń gbé, ẹ jẹ́ kó dúró. Kí èèyàn pè é lórí fóònù. Ìyẹn náà ni akọ̀wé London ń ṣe ní 1659. A ti yí ayé ká tán, a sì padà síbẹ̀.

Nílé ńkọ́?

Ní Èkó, Bank of British West Africa ti wà láti 1894, àmọ́ sọ̀wédowó ò dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta. Alájọ ló mọ̀. Alájọ á fa ìlà sí káàdì tirẹ̀, á fa ìlà sí ti oníbàárà lójú ẹsẹ̀, àkọsílẹ̀ méjì tó dọ́gba lójoojúmọ́. Bí alájọ bá sá lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, àmọ́ kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá owó òní ti wọlé.

Fún sọ̀wédowó, ìjọba ológun fi òfin jáde ní 1977: ẹni tó bá kọ èyí tí kò lówó lẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi fẹ́ dí àlàfo. Ìlànà nọ́ńbà akáǹtì díjíìtì 10, ìyẹn aza, jáde ní 2010. Díjíìtì ìkẹyìn rẹ̀ ń jáde nínú ìṣirò 3, 7, 3 tó jẹ́ ọmọ ìyá ti Amẹ́ríkà yẹn, ìdí sì nìyẹn tí áàpù fi lè máa méfò báńkì ẹ kó o tó yàn án. Ní 2011, ètò NIP bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó láti báńkì dé báńkì lójú ẹsẹ̀. BVN tẹ̀ lé e ní 2014: ìka ọwọ́ àti ojú èèyàn padà sínú ọ̀rọ̀ náà. Títì la wá ń ti owó, a kì í fà á, àlàfo ọjọ́ sì di ìṣẹ́jú àáyá.

Ṣé oníjìbìtì wá relé? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fóònù ní Computer Village. Ó ní owó ti wọlé, ó fi fóònù hàn ẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ náà jọ ti báńkì bí ìbejì. O gbé ọjà fún un. O yẹ akáǹtì wò nírọ̀lẹ́, òfo. "Fake alert" là ń pè é. Níwọ̀n bí wọn ò ti rí ọjọ́ mẹ́ta fi sápamọ́ mọ́, wọ́n wá sápamọ́ sáàárín ojú àti akáǹtì. Àlàfo kan náà ni. Àwọ̀ ewé tí àwa fi sójú fóònù Àǹtí, fake alert ni òun náà. Àwa kàn kọ ọ́ pẹ̀lú ọkàn rere ni.

A bá Àǹtí san ìdajì gbèsè yẹn, oṣù mẹ́fà la fi san án. Lẹ́yìn náà la ṣí kóòdù, a yọ Ó TI SANWÓ kúrò. Tí "accepted" bá dé nísinsìnyí, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ló ń yọ: OWÓ Ń BỌ̀ LỌ́NÀ, pẹ̀lú iye ọjọ́ tó kù. Ìlà kan péré la yí padà, àmọ́ òun ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, torí ó gba pé ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ òótọ́.

Àǹtí ní kò dùn ún wò bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ṣì ń tajà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá ti ń pariwo pé ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mélòó, á pè wá: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èyí tó ń bọ̀ lọ́nà yẹn, ṣé ó ti dé?" A ó wò ó. Bí kò bá tíì dé, a ó sọ fún un pé kò tíì dé.